Ọmọ mi kò fẹ́ di Fadá, Bùrọ́dà tí ń roko ni ó fẹ́ jẹ́

Bàbá Àkọ́bí (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ó mọ̀ nípa ìgbé ayé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ nínú Ìjọ Àgùdà là mí lóye. Ọmọ Àgùdà ni mí láti ilé bàbá mi wá, a sì ti bí Fadá nínú ẹbí wa, nítorí náà kì í ṣe pé mo kórìíra kí ọmọ fi ara rẹ̀ fún Ọlọ́run. Àkọ́bí mi ọkùnrin, ẹni ọdún 23, tí ó gboyè nínú ìmọ̀ ọ̀gbìn ní ọdún tí ó kọjá, ni ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí ó ní òun fẹ́ wọ ilé àwọn Bùrọ́dà. Mo bi í bóyá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni ó ń sọ. Ó ní rárá, a kò pe òun láti di Fadá. Bùrọ́dà ni òun fẹ́ jẹ́ títí ayé, kí òun máa roko, kí òun máa tún ilé ṣe, kí òun sì máa gbàdúrà.

N kò ní fi ohun tí ó dùn mí gan-an pamọ́. Ọkọ́ ni bàbá mi fi rán mi lọ sí ilé-ìwé ní Ọ̀yẹ́. Nígbà tí a bá ń kọ ebè tí ẹ̀yìn ń ro mí, yóò ní kí n tẹjú mọ́ ìwé, kí ọkọ́ má baà di ohun tí n óò máa gbé lé èjìká títí n óò fi kú. Mo gbọ́ràn, mo kàwé, mo ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọdún 33, owó ìfẹ̀yìntì mi ni ó sì parí owó ilé-ìwé ọmọ yìí. Ó wá kàwé tán, ó fẹ́ padà sídìí ọkọ́, ọkọ́ tí kò tilẹ̀ ní í jẹ́ tirẹ̀, nítorí wọ́n ní kò gbọdọ̀ ní ohunkóhun. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ kò bá a sọ ju ‘wá jẹun’ lọ. Ṣé irú ìgbé ayé yìí tilẹ̀ wà ní tòótọ́, àbí ọ̀nà àbùjá ni fún ẹni tí ń sá fún ìwé àwọn àlùfáà?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ìkọ̀lé)

Ẹ kú ìrònú ọmọ, sà. Ó wà, kì í sì í ṣe ọ̀nà àbùjá. Orúkọ ni ó kọ́kọ́ ń dà wá láàmú, nítorí pé ọkùnrin gbogbo tí ó bá ju ènìyàn lọ ni ‘bọ̀ọ̀dá’ ní ilẹ̀ wa, àwọn ìjọ mìíràn sì ń pe gbogbo ọkùnrin inú ìjọ ní ‘bùrọ́dà’. Bí a bá wá ní ẹnì kan jẹ́ Bùrọ́dà láàárín àwa Àgùdà, etí Yorùbá kì í gbọ́ ẹ̀jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó ń gbọ́ ni pé ẹni náà ń dúró de ìgbà tí wọn yóò sọ ọ́ di Fadá. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ́ mẹ́ta ni ó jẹ́: kò ní í gbéyàwó, kò ní í ní ohun ìní tirẹ̀, yóò sì máa gbọ́ràn sí olórí ilé. Òfin Ìjọ ti ọdún 1983, ní òfin 588, sọ ọ́ gbangba pé ìgbé ayé ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti àlùfáà, kì í sì í ṣe ti ọmọ ìjọ lásán.

Bí a bá tilẹ̀ tọpa rẹ̀ lọ sẹ́yìn, àwọn tí kì í ṣe àlùfáà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Bẹ́nẹ́díkítì Mímọ́, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 547, kọ Ìlànà kan fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ítálì, ó sì ya odidi orí kan sọ́tọ̀, orí 60, láti kìlọ̀ pé bí àlùfáà bá wá bẹ̀bẹ̀ láti wọlé, kí wọ́n má tètè gbà fún un. Ẹ ò rí i pé àlùfáà ni àjèjì nínú ilé náà! Nínú orí 48 ni ó ti sọ pé àìníṣẹ́-ṣe jẹ́ ọ̀tá ọkàn, tí ó sì pín ọjọ́ láàárín iṣẹ́ ọwọ́, ìwé kíkà àti àdúrà. Láti Àjíǹde títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, òwúrọ̀ jẹ́ ti iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni ìwé kíkà títí di ọ̀sán, wọ́n á jẹun, wọ́n á sinmi nígbà tí oòrùn bá mú, wọ́n á sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di àdúrà ìrọ̀lẹ́. Àgbẹ̀ Èkìtì tí ó ń jí lọ sóko, tí ó sì ń wá abẹ́ igi lọ́sàn-án, kò ní í ka èyí sí ohun àjèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ni yóò jẹ́ bí n kò bá sọ ibi tí ojú tín-ín-rín ti wọlé. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀rúndún kejìlá, àwọn ilé Sisítẹ́sì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Cîteaux ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1098, ti ní ẹgbẹ́ méjì nínú ilé kan náà: àwọn tí ó mọ̀wé Látìn tí wọ́n ń kọrin àdúrà, àti àwọn bùrọ́dà tí wọ́n ń bójú tó oko àti ẹran ọ̀sìn. Àwọn bùrọ́dà yìí ní ìjókòó tiwọn lọ́tọ̀ nínú ilé ìsìn, wọn kì í sì í dìbò nígbà tí a bá ń yan olórí. Àpérò Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ni ó wá pàṣẹ ní ọdún 1965 pé kí irú àwọn bùrọ́dà bẹ́ẹ̀ ní ìpín gidi nínú ìgbé ayé àti iṣẹ́ ilé, ó sì ní ilé lè gba àlùfáà àti ẹni tí kì í ṣe àlùfáà pẹ̀lú ẹ̀tọ́ kan náà, yàtọ̀ sí ohun tí ó bá ti inú oyè àlùfáà fúnra rẹ̀ wá. Ojú tí ayé fi ń wo Bùrọ́dà kò tíì tẹ̀lé òfin náà délé.

Agbẹjọ́rò Ìjerò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Olùkọ́ ti sọ òfin 588, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ òfin 702. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́, yálà òun ni ó fúnra rẹ̀ lọ tàbí wọ́n lé e, kò lè béèrè ohunkóhun fún iṣẹ́ tí ó ti ṣe níbẹ̀. Ìdajì kejì òfin náà rọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n ṣe déédéé àti àánú fún ẹni tí ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gba ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rò mọ̀ pé ‘ẹ ṣàánú rẹ̀’ kì í ṣe ohun tí à ń kà lówó. Fojú inú wò ó: ọmọ tí ó fi ọdún 15 ro oko ilé, tí ó mọ ògiri, tí ó sì jáde ní ẹni ọdún 40 láìní ilé, láìní owó ìfẹ̀yìntì, láìní ìyàwó. Fadá tí ó bá jáde ní ìwé ẹ̀rí tí yóò fi wá iṣẹ́ olùkọ́. Kí ni Bùrọ́dà yóò mú jáde?

Mo sì fẹ́ béèrè nǹkan mìíràn. A ń kọ́ ọmọ wa pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ẹni tí ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun kò ní í ní nǹkan kan, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ ń wò sàn?

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà (Ìkẹ́rẹ́)

Ọ̀gá Agbẹjọ́rò, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò mú jáde. Mo ń sọ̀rọ̀ láti inú ìrírí, nítorí Bùrọ́dà ni ó kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Àgbàlagbà ni nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ìgbò ni, ó gbọ́ Èkìtì ju ọ̀pọ̀ ọmọ Adó ìsinsìnyí lọ. Bí ọwọ́ wa bá dilẹ̀ díẹ̀, yóò ka Ìlànà Bẹ́nẹ́díkítì fún wa, yóò sì túmọ̀ rẹ̀. Ibi kan tí n kò lè gbàgbé ni orí 31, níbi tí a ti ní kí ẹni tí ó ń tọ́jú ẹrù ilé máa wo gbogbo irinṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun èlò orí pẹpẹ. Ayùn, òòlù, ìwọ̀n, gbogbo rẹ̀! Òun náà kì í fi ẹnu sọ ọ́ lásán. Bí a bá ń múra àtilọ sílé, yóò nu ayùn kọ̀ọ̀kan, yóò fi òróró díẹ̀ pa á lójú, yóò sì fi í kọ́ sí ipò rẹ̀ lára ògiri, níbi tí ó ti fi ọ̀dà ya àwòrán ayùn náà kí a lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ọ̀kan kò bá sí nílé. Ìgbà kan wà tí mo ju ṣísẹ́lì sílẹ̀ lórí èérún pákó. Kò bá mi wí. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó dúró, ó ń wò mí. Títí di òní, bí ọmọ iṣẹ́ mi bá ju irinṣẹ́ sílẹ̀, àyà mi á já.

Ibì kan wà tí n kò fara mọ́, mo sì sọ fún un nígbà náà. Orí 57 ní bí ilé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ bá fẹ́ ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí wọ́n dín iye rẹ̀ kù díẹ̀ sí ti àwọn ará ìta, kí ojúkòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Mo ní, ‘Bùrọ́dà, ẹ kò san owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ kò san owó ilé-ìwé ọmọ, ẹ tún fẹ́ dín owó àga kù? Kí ni ká wá jẹ?’ Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá wá fún àga ilé, ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà ìgboro ni ó ń darí wọn sí.

Inú orí 57 kan náà ni ó ti wà pé bí oníṣẹ́ ọwọ́ kan bá ń gbéraga nítorí ìmọ̀ rẹ̀, tí ó rò pé òun ni ilé náà fi ń jẹun, kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá, bóyá ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Ìṣẹ́ kọ́ ni iṣẹ́ ń wò níbẹ̀, ìgbéraga ni.

Ìyá Sákírístì (Adó-Èkìtì)

Ẹ jẹ́ kí obìnrin sọ̀rọ̀, torí gbogbo yín ń sọ ti bàbá. Ìyá ọmọ yìí gan-an ni àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ẹ̀yin tí ẹ túmọ̀ ẹ̀jẹ́ yìí sí Yorùbá tí ẹ pè é ní ‘ẹ̀jẹ́ òṣì’, ẹ kò mọ ohun tí ẹ ṣe. Èwo nínú àwa ìyá ni yóò gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ òṣì tí kò ní í fi ọwọ́ bo orí, kí ó ní ‘Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́’? Òṣì ni a ń gbàdúrà lé jáde ní àárọ̀ kùtùkùtù! Ẹ sọ fún un pé ohun tí ọmọ ń jẹ́jẹ̀ẹ́ ni pé kò ní í sọ pé ‘tèmi ni èyí’. Yóò jẹun, yóò wọṣọ, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ara rẹ̀ kò bá yá, ṣùgbọ́n àpapọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Èyí tí ẹnu mi kò sì lè tù ú nínú lé lórí ni ti ọmọ-ọmọ. Àkọ́bí ọkùnrin ni. N kò ní í parọ́ pé ó rọrùn.

Ẹni Tí Ó Padà Wálé

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, mo ń rò ó bóyá kí n dá sí i. Mo wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ẹni ọdún 21, mo sì kúrò lẹ́yìn oṣù 14. Kò sí ẹni tí ó lé mi.

Bàbá, ẹ má rò pé wọ́n á kàn fi agbádá wọ ọmọ yín lọ́jọ́ tí ó bá dé. Wọ́n á kọ́kọ́ gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń wò wọ́n tí àwọn náà ń wò ó, lẹ́yìn náà ni ọdún ìdánwò, tí wọ́n ń pè ní novitiate, èyí tí òfin ní kò gbọdọ̀ dín sí oṣù 12, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún méjì lọ. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 17 kò lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a bá fi ipá tàbí ẹ̀rù mú wọlé, ìwọlé rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú òfin. Ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní iye àkókò: ó kéré tán ọdún mẹ́ta. Ìgbà tí èyí bá parí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ títí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí.

Iṣẹ́ kọ́ ni ó lé mi. Mo fẹ́ràn iṣẹ́. A máa ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, a gbàdúrà, a gbọ́ Mísà, a sì wọ oko pẹ̀lú ìrì lẹ́sẹ̀. Ohun tí n kò lè fara dà ni pé iṣẹ́ kì í parí. Ní ilé wa, bí o bá kọ ebè igba, o ti kọ ebè igba nìyẹn, o ó dúró lẹ́bàá rẹ̀, o ó sì yangàn. Níbẹ̀, agogo àdúrà á dún nígbà tí ó ku ebè mẹ́ta péré, ọ̀gá wa á sì ní kí a gbé ọkọ́ kalẹ̀. Ebè mẹ́ta! Mo máa ń dúró sínú ilé ìsìn tí ọkàn mi á máa kọ ebè mẹ́ta náà. Bùrọ́dà àgbà kan sọ fún mi pé nítorí ebè mẹ́ta náà gan-an ni wọ́n ṣe ń lu agogo. Ó yé mi, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára, mo sì padà wálé ní àlàáfíà. Oko ni mo ń ṣe títí di òní. Mo ń kọ gbogbo ebè mi parí.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ìkọ̀lé)

Aláìmọ̀kan ni yóò pe ẹni tí ó kẹ́yìn sọ̀rọ̀ yìí ní ẹni tí ó kùnà. Mo dúpẹ́, ọmọ mi.

Bàbá Àkọ́bí, ẹ béèrè bóyá ìwé ni ọmọ yín ń sá fún. Ẹni tí ó gboyè tán kọ́ ni ó ń sá fún ìwé. Lóòótọ́, àwọn kan wà tí ìwé kò jẹ́ tiwọn. André Bessette, ọmọ Quebec ní Kánádà, tí wọ́n bí ní ọdún 1845, fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì le, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ Holy Cross fi kọ́kọ́ lọ́ra láti gbà á. Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kan ní Montreal ni wọ́n fi í ṣọ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ó ń fọ ilẹ̀, ó ń gé irun àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé nígbà tí òun wọ ẹgbẹ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi han òun, òun sì dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2010 ni Ìjọ kéde rẹ̀ ní Ẹni Mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti Iwene Tansi náà, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa. Fadá ni ní tirẹ̀, ọ̀gá ní ìjọ ńlá, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1950, ó lọ sí ilé àwọn Trappist, ẹ̀ka kan lára àwọn Sisítẹ́sì, ní Mount Saint Bernard ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti fi í sídìí dídi ìwé àti títọ́jú yàrá ìjẹun. Ó kú ní ọdún 1964. Póòpù John Paul Kejì sì wá sí ilẹ̀ Onitsha ní ọdún 1998 láti kéde rẹ̀ ní Alábùkún-fún, ipò tí ó ṣáájú ti Ẹni Mímọ́. Ìwé kò pọ̀ jù fún ẹni tí yóò gbálẹ̀.

Ẹ tún ní ọmọ Ọ̀yẹ́ ni yín. Ṣé ẹ ti gbàgbé ilé iṣẹ́ ọnà tí àwọn Fadá SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Àgùdà fún Áfíríkà, dá sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún 1947 sí 1954? Fadá Kevin Carroll wà níbẹ̀, Bámidélé ọmọ Àreògún ti Ọ̀sì, tí gbogbo ayé ń pè ní Bándélé, wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti Ìlá Ọ̀ràngún, Mùsùlùmí, ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n fi ojú àti aṣọ Yorùbá gbẹ́ ìtàn Ìbí Jésù sára igi. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kọ́ ni Bùrọ́dà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú yín gan-an ni a ti fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ìsìn, kí ẹ má baà rò pé láti Róòmù ni ọmọ yín ti kó o wá.

Bàbá Àkọ́bí (Adó-Èkìtì)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ àwọn agbẹ́gilére náà; ó ní àwọn ọmọdé máa ń lọ ṣa èérún igi wọn láti dáná.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, èmi àti ọmọ yìí lọ wo ilé tí ó ń sọ. N kò sọ fún un pé a ó sùn níbẹ̀, òun náà kò béèrè. Bùrọ́dà kan tí ó ju mí lọ ní ọjọ́ orí ni ó mú wa rìn yí oko ká. Iṣu wọn dára, ṣùgbọ́n ebè wọn kéré, mo sì sọ ọ́ kí n tó rántí pé àlejò ni mí. Ó ní, ‘Bàbá, ẹ fi ti Èkìtì hàn wá.’ Ó na ọkọ́ sí mi. Mo bọ́ agbádá, mo kọ ebè méjì. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti kọ ebè kẹ́yìn. Ọwọ́ mi kò gbàgbé. Ìbàdí mi ni kò gbà fún ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ mi dúró, ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Kò mọ̀ pé mo lè ṣe é. Mi ò fi hàn án rí.

N kò tíì ní ‘bẹ́ẹ̀ ni’. Mo ní kí ó lọ fún àkókò wò-mí-kí-n-wò-ọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ sì ti bá a ra bàtà oko. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù. Kí bàbá mi tó kú, ó fi ilẹ̀ kan ní Ọ̀yẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ yìí, àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà wo ni ó gbọ́dọ̀ pinnu ẹni tí yóò ni ilẹ̀ náà?

Agbẹjọ́rò Ìjerò

Òfin 668, sà. Ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ tirẹ̀ ní gbogbo àkókò ìdánwò. Kí ó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́, yóò yan ẹni tí yóò máa bójú tó o. Kí ó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ títí ayé, yóò ṣe ìwé ìhágún tí òfin ìjọba náà yóò gbà. Bí ó bá jáde kí ó tó dé ibẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ń dúró dè é. Ẹ jẹ́ kí ẹbí kọ ìwé ilẹ̀ náà sí orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí, kí àwọn àbúrò yín tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i. N óò bá yín kọ ọ́, n kò ní í gba owó.

Bàbá Àkọ́bí (Adó-Èkìtì)

Ẹ ṣé púpọ̀. A ó wà ní Ọ̀yẹ́ ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀.